Ọkà tí ó Jóná, Iṣu tí Kò Ṣẹ́kù: Ìyókù Ewéko, Oúnjẹ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìlú ní Agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́

1. Ìfáárà

Ìlú kì í ṣe ilé púpọ̀ nìkan. Níbikíbi tí ìlú bá gbé fìdí múlẹ̀, àwọn ènìyàn kan yóò wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn kì í kan ọkọ́ lójoojúmọ́: alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, aláró, onílù, babaláwo, ìjòyè, àti ọba fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ará ààfin. Àwọn wọ̀nyí ń jẹun. Ẹlòmíràn ni ó ń gbin ohun tí wọ́n ń jẹ, ó ń gbé e wá sí ọjà tàbí sí ààfin, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣàì béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò àti ohun tí ó wà nínú àká.

Ṣábẹ̀ẹ́ wà láàárín odò Ouémé àti odò Okpara, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta tí arìnrìn-àjò máa ń rí láti òkèèrè. Ìtàn àwọn ọba rẹ̀ kò ṣàì ní ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Montserrat Palau-Marti tẹ ìwé kan jáde ní 1992 lórí ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn ọba rẹ̀; Biodun Adediran sì fi Ṣábẹ̀ẹ́ sínú ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1600 àti 1889, èyí tí ó jáde ní 1994. Ṣáájú wọn, ní 1970, John Igué ti fi iṣẹ́ oko àwọn Yorùbá ilẹ̀ Dahomey àti àárín gbùngbùn Togo ṣe ìwé oyè rẹ̀ ní Paris. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí níye lórí. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu, bí ó ti wù kí ó jinlẹ̀ tó, orúkọ ọba, ogun àti ìṣíkiri ni ó máa ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀ ohun tí obìnrin kan fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn kì í sí nínú oríkì.

Ẹlẹ́rìí mìíràn wà tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í sì í ṣe ojúsàájú: ìyókù ewéko tí ó wà nínú ilẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí a ti ń gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹlẹ́rìí náà, ohun tí ó ti sọ ní àwọn ìlú àtijọ́ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibi tí ó gbé dákẹ́, àti ìdí tí ìdákẹ́ yẹn fi kan àwọn tí ń kọ́ni ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Yorùbá-Nàgó.

2. Bí ewéko ti ń pẹ́ nínú ilẹ̀

Nínú ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí, ewé, èso àti gbòǹgbò kì í pẹ́ kí wọ́n tó jẹrà. Ikán àti kòkòrò a parí iṣẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́rin pàtàkì ni ó máa ń kù.

Èkíní ni irúgbìn tí iná jó. Bí obìnrin kan bá ń yan ọkà, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ dà sínú ààrò, tí kò jó di eérú, ohun tí ó kù yóò dúdú bí èédú. Ikán kì í jẹ èédú, òjò kì í sì í mú un jẹrà. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta láìyí padà ní ìrísí. Awalẹ̀pìtàn a bu yẹ̀pẹ̀ láti inú ààrò àtijọ́ tàbí ààtàn, a dà á sínú omi, a rò ó pọ̀. Yẹ̀pẹ̀ a rì, èédú àti irúgbìn a léfòó. Wọn a fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gidigidi gbé e, wọn a sá a sí ibòòji, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Irúgbìn kan ṣoṣo tó láti fi kábọ́ọ̀nù 14 mọ iye ọdún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí tí a rí jẹ́ ti irúgbìn náà gan-an, kì í ṣe ti igi tàbí èédú kan tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Èkejì ni àmì tí ewéko fi sára amọ̀. Àwọn amọ̀kòkò kan a máa pò ìyàngbò mọ́ amọ̀ kí ìkòkò má baà sán. Àwọn mìíràn a máa yí okùn, igi gbígbẹ́ tàbí èso líle lójú ìkòkò tútù láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìkòkò bá jinná, ewéko jóná, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó wà kù bí ojú ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀fun òdòdó tí afẹ́fẹ́ gbé sínú adágún omi, tí ẹrẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò rí: òkúta wẹ́wẹ́ tí ó máa ń dì nínú ewé àti igi ewéko kan, àti hóró sítáàṣì tí ó máa ń há sínú ihò ọlọ tàbí ara ìkòkò.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní agbára rẹ̀, ó sì ní àléébù rẹ̀. Èyí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

3. Ẹ̀rí ọkà ní àwọn ìlú odò Ọya

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ti àríwá wá. Ní àfonífojì Tilemsi, ní orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n rí àpáàdì tí wọ́n pò ìyàngbò jéró mọ́. Àwọn ìyàngbò náà fi hàn pé jéró oko ni, kì í ṣe ti igbó; ọjọ́ orí wọn sún mọ́ 2500 ṣáájú Kírísítì, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí ó jáde ní 2011 ti wí. Ní ilẹ̀ Ghana, láàárín àwọn ènìyàn tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè ní Kintampo, wọ́n rí ẹ̀wà jíjóná tí ó ti tó nǹkan bí 1800 ṣáájú Kírísítì, pẹ̀lú èkùrọ́ ọ̀pẹ.

Láti orí oko kékeré wọ̀nyí, ìlú dìde. Jenne-jeno ní Mali, tí Susan McIntosh àti Roderick McIntosh wà ní 1977 àti 1981, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú Kírísítì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà ti wà nínú oúnjẹ wọn. Ní nǹkan bí ọdún 800 lẹ́yìn Kírísítì, òkìtì ìlú náà ti tó hẹ́kítà 33. Kí a tó wa ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń sọ pé àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ni ó mú ìlú wá sí apá ibí yìí. Ìrẹsì, ẹja àti irin Jenne-jeno fi hàn pé ìlú ti wà kí wọ́n tó dé.

Ní orílẹ̀-èdè Benin fúnra rẹ̀, lápá òkè pátápátá, nítòsí odò Ọya ní ilẹ̀ Dendi, Anne Haour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ní Birnin Lafiya àti àwọn ibòmíràn láti 2011. Ìwé iṣẹ́ náà jáde ní 2018. Wọ́n rí ilé, wọ́n rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ dáradára, irú èyí tí àwọn ará Ifẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Louis Champion àti Dorian Fuller ni ó yẹ ìyókù ewéko wò. Jéró ni ó gba iwájú nínú ohun tí wọ́n rí, ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà sì wá darapọ̀ mọ́ ọn.

Oúnjẹ a tún máa fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọlọ́rọ̀ àti tálákà. Al-Bakri, tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní 1068, sọ nípa Awdaghust ní etí aṣálẹ̀ pé àwọn ọba àti ọlọ́rọ̀ ni ó ń jẹ àlìkámà, tí ọkà mìíràn sì jẹ́ ti àwọn yòókù. Òǹkọ̀wé lè ṣàṣìṣe lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Irúgbìn inú ààtàn ilé ńlá àti ti ilé kékeré ni ó lè jẹ́rìí fún un tàbí kí ó takò ó. Ibi tí ìmọ̀ yìí gbé wúlò jù lọ fún ìtàn ìlú nìyí: kì í ṣe ohun tí ìlú jẹ nìkan ni ó ń fi hàn, bí kò ṣe ẹni tí ó jẹ ẹ́.

4. Àríyànjiyàn àgbàdo ní Ifẹ̀

Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ilẹ̀ ọkà lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùwádìí mọ̀. Ní 1953, A. J. H. Goodwin kọ̀wé lórí àwọn àpáàdì Ifẹ̀ tí ó ní àmì tí ó jọ ti ṣùkù àgbàdo lójú. Àgbàdo, láìṣe àní-àní, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. M. D. W. Jeffreys di àwọn àpáàdì náà mú, ó ní wọ́n fi hàn pé àgbàdo ti dé ilẹ̀ Yorùbá kí Columbus tó tẹsẹ̀ bọ Amẹ́ríkà ní 1492.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó fi Ifẹ̀ sí àárín ayé, ó sì sọ àwọn baba ńlá di ẹni tí ó ń bá òkè òkun pàdé láìsí Òyìnbó láàárín. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, ibi mẹ́ta ni ó ti fẹsẹ̀ kọ.

Lọ́nà kìíní, àpáàdì tí ó ní àmì kò ní ọjọ́ orí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilẹ̀ àpáàdì kan ti pẹ́ nítorí pé ó wà ní Ifẹ̀, Ifẹ̀ sì ti pẹ́, yípo ni ó ń yí. Ìlú tí ó ti pẹ́ ṣì ń mọ ìkòkò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Frank Willett, tí ó wa ilẹ̀ ní Ita Yemoo láàárín ìlú Ifẹ̀, ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1962. Ní ọdún kejì, òun àti Stanton gbìyànjú láti ka ìlà àti hóró lára àmì náà kí wọ́n lè mọ irú àgbàdo tí ó jẹ́. Ìgbìyànjú wọn kọ́ni pé àmì orí amọ̀ lè sọ púpọ̀, bí a bá mọ ìgbà tí a fi í sí i.

Lọ́nà kejì, ohun tí ó jọ ṣùkù lè má jẹ́ ṣùkù. Àwọn tí ó ti fara balẹ̀ wo ọ̀ṣọ́ ìkòkò ní ilẹ̀ Sahel ti fi hàn pé orí èso ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, Blepharis, a máa fi irú àmì kan náà sílẹ̀ bí a bá yí i lójú amọ̀ tútù. Ẹni tí kò bá rí i rí yóò búra pé àgbàdo ni.

Lọ́nà kẹta, ṣùkù lójú ìkòkò kì í ṣe ẹ̀rí oko. Ó fi hàn pé ṣùkù kan wà lọ́wọ́ amọ̀kòkò, kò fi hàn pé ará ìlú ń fi àgbàdo yó. Láti mọ oúnjẹ, inú ààrò ni a ó lọ.

Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ àgbàdo. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ìlú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Iyì Ifẹ̀ kò sì gbára lé ṣùkù: iṣẹ́ idẹ, iṣẹ́ amọ̀ àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí rẹ̀ tó o jẹ́rìí.

5. Iṣu tí kò ṣẹ́kù

Bí àṣìṣe kan bá wà níbi tí a ti fi ìtara kún ẹ̀rí, àṣìṣe kejì wà tí ó léwu jù ú lọ fún ilẹ̀ bíi Ṣábẹ̀ẹ́: kí a ka ohun tí a kò rí sí ohun tí kò sí.

Ọkà kéré, ó gbẹ, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni a ń dà lé iná lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ kò ní ṣàì bọ́ sínú eérú. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kún inú rẹ̀. Kì í ṣe irúgbìn rẹ̀ ni a ń jẹ tàbí tí a ń gbìn, bí kò ṣe iṣu fúnra rẹ̀. Bí ó bá jóná, ó di èédú tí ó rí jágajàga, tí ó sì ṣòroó dá mọ̀ yàtọ̀ sí èédú igi. Èépá rẹ̀, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó fi iyán gbé ìlú ró lè kọjá lọ láìfi ẹ̀rí kan sílẹ̀ nínú asẹ́ awalẹ̀pìtàn, nígbà tí aládùúgbò wọn tí ń jẹ jéró fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró sílẹ̀.

Ohun tí èyí ń fà kò kéré. Bí a bá ń fi hóró jíjóná nìkan kọ ìtàn, yóò dà bí ẹni pé ìlú kò lè dìde bí kò ṣe níbi tí ọkà bá wà, àti pé ilẹ̀ iṣu ń dúró de ẹlòmíràn kí ó tó lajú. Àbùkù irinṣẹ́ ni yóò di àbùkù àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí, tí ó mọ ohun tí Lábókò tuntun jẹ́ lójú àwọn ará ibẹ̀, yóò mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ihò nínú.

Ọ̀nà mìíràn wà láti dí ihò náà. Ní 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àbùdá àjogúnbá iṣu 167, ti oko àti ti igbó. Ó tọ́ka sí i pé ara iṣu igbó kan, Dioscorea praehensilis, tí ń hù nínú igbó dúdú, ni iṣu oko ti jáde, àti pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2020, ìwádìí mìíràn tí Sugihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ pé iṣu igbó náà nìkan kọ́, àti pé iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica, lọ́wọ́ sí i. Ẹjọ́ náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fi ẹnu kò lórí ohun kan: ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun iṣu yìí. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti ń pàdé, wà nínú agbègbè náà.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó sún mọ́lé ju èyí lọ. Ní 2003, H. D. Mignouna àti Alexandre Dansi kọ̀wé lórí bí àwọn àgbẹ̀ Nàgó àti Fọn ní orílẹ̀-èdè Benin ṣe ń sọ iṣu igbó di iṣu oko. Roland Dumont àti Philippe Vernier ti kọ irú rẹ̀ nípa àwọn Bàrìbá ní 2000. Àgbẹ̀ kan a rí iṣu igbó nínú oko tuntun tàbí nígbà tí ó ń ṣọdẹ. A wú u, a gbìn ín sínú ebè, a máa ṣà èyí tí ó dára nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, títí ìrísí rẹ̀ yóò fi yí padà, tí yóò di iṣu tí a lè gún. Iṣẹ́ tí àwọn ìwé kan ń pè ní ohun àtijọ́ tí ó ti parí, àwọn àgbẹ̀ Nàgó ṣì ń ṣe é ní ojú ayé àwọn olùwádìí.

Ó ku ìbéèrè ìlú. Iṣu tútù wúwo, ó sì ń jẹrà. Báwo ni yóò ṣe bọ́ ẹni tí kò ní oko di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìbẹ̀rẹ̀ òjò? Ìdáhùn wà nínú èlùbọ́. Irú iṣu tí wọ́n ń pè ní Kókóró dára fún un: a bó o, a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a sá a sí oòrùn títí yóò fi gan. Bí ó bá gbẹ tán, ó fúyẹ́, ó ṣeé rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ṣeé tọ́jú fún oṣù púpọ̀. Iṣu tí ó ti gbẹ ń ṣe iṣẹ́ tí ọkà ń ṣe. Lónìí, òun ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá ní Benin àti Nàìjíríà. Ohun tí awalẹ̀pìtàn yóò wá ní ilẹ̀ iṣu, nígbà náà, kì í ṣe hóró nínú eérú, bí kò ṣe sítáàṣì nínú ihò ọlọ, nínú odó òkúta àti lára ìkòkò.

6. Igi tí ń tẹ̀lé ènìyàn

Igi náà ń jẹ́rìí. M. Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó la ọ̀nà ìmọ̀ ìyẹ̀fun òdòdó ní Nàìjíríà, fi hàn ní 1985 pé ìyẹ̀fun ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì nínú ẹrẹ̀ etí odò Ọya ní nǹkan bí 2800 ọdún sẹ́yìn. Ó ka èyí sí àmì pé àwọn ènìyàn ń ṣán igbó fún oko, nítorí pé ọ̀pẹ fẹ́ràn oòrùn, kì í fẹ́ ibòòji igbó dúdú. Àwọn mìíràn, bíi Jean Maley, wo ojú ọjọ́: bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí igbó ṣí, ọ̀pẹ yóò gbilẹ̀ láìsí ọkọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní gúúsù Benin, ẹrẹ̀ adágún Sélé fún Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann ní ìtàn tí ó jọ ọ́. Ìwádìí wọn, tí ó jáde ní 2005, sọ pé igbó bo ibẹ̀ títí di nǹkan bí 4500 ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí àlàfo ọ̀dàn sì ya igbó ìwọ̀-oòrùn kúrò lára ti ìlà-oòrùn. Àlàfo náà ni ó jẹ́ kí ọ̀dàn dé etí òkun ní Benin àti Togo. Ìyẹ̀fun kan náà, ohun méjì ni ó lè fà á. Nítorí náà ẹ̀rí adágún kò tó bí kò bá sí ẹ̀rí ààrò pẹ̀lú rẹ̀.

Níbòmíràn, igi nìkan a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ní Ẹdẹ-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Akin Ogundiran wa ilẹ̀ ibi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó rí egungun ẹṣin níbẹ̀, ó sì rí igi oṣè tí ó dúró. Igi oṣè jẹ́ ti ọ̀dàn. Kì í dá hù ní ilẹ̀ igbó. Àwọn tí ó wá láti Ọ̀yọ́ ni ó mú un wá, bóyá fún ewé ọbẹ̀, bóyá kí ojú ilé lè jọ ojú ilé. Igi kan lè jẹ́ àmì ìlú tí a ti ṣí wá.

7. Ohun tí orúkọ ń sọ

Èdè pẹ̀lú jẹ́ ilẹ̀ tí a lè wà. Kay Williamson fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 1970, nígbà tí ó kó orúkọ oúnjẹ jọ ní àwọn èdè ẹnu odò Ọya, tí ó sì fi wọ́n tọ ipasẹ̀ ohun ọ̀gbìn. Ìlànà náà rọrùn: ohun tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan a máa ní orúkọ kan náà ní àwọn èdè tí ó tan mọ́ra, ohun tí ó dé lẹ́yìn a máa ní orúkọ oríṣiríṣi.

Bí a bá fi ìlànà yìí wo oko Yorùbá, nǹkan hàn. Yorùbá pè é ní iṣu, Ígálà pè é ní uchu: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó sì ti wà kí àwọn èdè méjèèjì tó pínyà. Ṣùgbọ́n àgbàdo ń jẹ́ àgbàdo níhìn-ín, ìgbàdo lọ́hùn-ún, yangan níbòmíràn. Ẹ̀gẹ́, gbágùúdá àti pákí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́ka sí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ohun náà sì ti wá. Jéró, tí ó jọ gero ti Hausa, fi ọ̀nà àríwá hàn.

Síbẹ̀, orúkọ a máa ṣí láti orí ohun kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀pà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ẹ̀pà ilẹ̀ yìí, tí ó ti wà kí ó tó dé, ni ó wá di ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún orúkọ rẹ̀, tí àwọn kan ń pè é ní ẹ̀pà ròró. Àlejò gba orúkọ onílé. Ọ̀rọ̀ náà ọkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkà bàbà ni fún ẹnì kan, àgbàdo ni fún ẹlòmíràn, àmàlà ni fún ẹ̀kẹta, ó sì tún jẹ́ orúkọ gbogbo irú hóró. Òwe àwọn àgbà tí ó fi iyán ṣe oúnjẹ, tí ó fi ọkà ṣe oògùn, tí ó sì fi ẹ̀kọ sí ẹ̀yìn, iṣu ni ó ní lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọkà inú rẹ̀ sí bàbà ti ba ìtàn jẹ́ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sọ pé òwe náà kò pẹ́ ju àgbàdo lọ nítorí pé ó dárúkọ ẹ̀kọ, nítorí a lè fi bàbà ṣe ẹ̀kọ.

8. Iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Láti inú gbogbo èyí, iṣẹ́ kan hàn gbangba tí kò nílò yàrá ìwádìí. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní abúlé kan. Bí ó bá kọ ọ́ dáradára, ó ti pa ẹ̀rí mọ́. Bí ó bá kọ ọ́ bákan ṣáá, ó lè pa á run.

Àkọ́kọ́, kí ó kọ orúkọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ó má fi orúkọ inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rọ́pò rẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò wúlò fún ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ka èdè ni olùwádìí ń wá. Ìkejì, kí ó má gba orúkọ láìrí ohun náà: kí ó fi hóró tàbí ewé rẹ̀ tì í, kí ó kọ abúlé, ọjọ́ àti irú ẹni tí ó sọ ọ́. Orúkọ tí kò ní ohun nídìí dà bí àpáàdì tí kò ní ọjọ́ orí. Ìkẹta, kí ó béèrè irú: kì í ṣe iṣu nìkan, bí kò ṣe Lábókò, Kókóró àti gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú iṣu igbó tí àgbẹ̀ náà ń tọ́ lọ́wọ́. Ìkẹrin, kí ó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe oúnjẹ: bó, bọ̀, sá, gún, lọ̀, kù, rò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ni ó ń fi àmì sára ọlọ àti ìkòkò. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò ní mọ ohun tí ó ń wá nínú ilẹ̀.

Ìkarùn-ún kan gbogbo ará ìlú. Nígbà tí a bá ń gbẹ́ kànga, tí a bá ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ààtàn àtijọ́ a máa hàn: ilẹ̀ dúdú, àpáàdì, èédú, hóró kéékèèké. Kí a má ṣe kó o dànù, kí a má sì ṣe fọ ọlọ tí a bá rí níbẹ̀, nítorí inú ihò rẹ̀ ni sítáàṣì iṣu wà. Kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì ránṣẹ́ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ iyàtọ̀ láàárín iṣu igbó kan àti òmíràn, tí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di iṣu oko, ń dín kù lọ́dọọdún. Hóró jíjóná lè dúró de olùwádìí fún ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Orúkọ iṣu tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ kò lè dúró.